Ọkọ Kékeré ní Ṣọ́ọ̀bù Kọ́tìnì

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta

Mo ṣí i. Ṣọ́ọ̀bù temi. Yàrá kan péré, fèrèsé kan, ilẹ̀kùn tó máa ń dún kíí bí wọ́n bá tì í. Onígbàjámọ̀ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gbálẹ̀, mo tún un gbá, irun ṣì ń jáde láti igun ògiri. Máṣíìnì kan, tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, áyọ́ọ̀nù, àga kan fún oníbàárà. Mo fẹ́ máa kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé yìí, torí kò sẹ́ni tí mo lè rojọ́ fún tí kò ní gbà mí nímọ̀ràn.

Ó pẹ́ tí mo ti ń rán kọ́tìnì fún Ọ̀gá Abẹ́rẹ́-Lẹ́nu. (Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀, bó bá sì ń bú èèyàn, ọ̀kan kì í já bọ́.) Nígbà tí mo ń lọ, ó ní òun ò ní gbé máṣíìnì tí mo ń lò níbẹ̀ fún ẹlòmíì títí oṣù yìí á fi parí. "Wàá padà wá." Kò pariwo. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Onílé náà ní kí n fi oṣù kan dán an wò. Bí iṣẹ́ bá wá, ká jọ jókòó sọ̀rọ̀ owó ilé. Bí kò bá wá, kí n palẹ̀ mọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ míì níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 4

Ọkọ mi — Ó-Máa-Dáa, nítorí kò ní ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu — ní kí àbúrò òun obìnrin wá máa bá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Ilé lọmọ náà wà, kò tíì ríṣẹ́. "Ìwọ á máa ránṣọ, òun á máa dá àwọn èèyàn lóhùn. Ó máa dáa." Kí ni kí n sọ? Mo ní kò burú.

Ọmọ náà ò sì burú lóòótọ́. Ó kéré sí mi débi pé mo lè pọ̀n ọ́n nígbà tí wọ́n bí i. Àmọ́ wọ́n ti bí i sínú ilé yẹn kí wọ́n tó mú mi wọlé, ó parí, ọkọ mi ni. Mi ò gbọdọ̀ la orúkọ ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ Kékeré ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, mo sì ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀. Òun náà ń fi ẹ̀yin dá mi lóhùn nítorí ọjọ́ orí mi. Ìyàwó wa, ẹ káàárọ̀. Ọkọ mi, ẹ káàárọ̀. Báyìí la ṣe máa wà láàárín aṣọ, tí a ó máa bọ̀wọ̀ fúnra wa títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Oníbàárà kankan ò tíì wọlé, mo ti rán kọ́tìnì. Ti ìyá ọkọ mi. Ọ̀fẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é o. Ṣùgbọ́n mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ́tìnì, kí fèrèsé Màmá wá wà níhòòhò? Ojú wo ni màá fi wọ ilé yẹn? Àná ni mo rán an lẹ́yìn tí mo ti fi gbogbo ọjọ́ kun ògiri. Oorun ń kùn mí, mi ò fi bẹ́ẹ̀ wo ohun tí mo ń rán.

A so ó lónìí. Màmá ní, "O ṣeun, ìyàwó mi. Ó dáa gan-an ni." Lẹ́yìn náà ó mú u, ó fi ọ̀já dì í sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó ní afẹ́fẹ́ ni òun fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n tèmi náà ti pè lórí fóònù. Ṣé kọ́tìnì ọ̀fẹ́ ti òun ò sí níbẹ̀ ni. Mo ní ó wà níbẹ̀. Mo gbé!

Ọjọ́ Àìkú, 8

Mo sùn. Ìyẹn nìkan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Àwọn èèyàn ti ń wọlé. Kí n má purọ́, ẹnu Ọkọ Kékeré dùn. Ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀nà lásán, á jókòó, á máa fọwọ́ kan aṣọ. Ìyàwó ilé kan wá lónìí, ó kí i pé "Màdáàmù, ẹ kú iṣẹ́," ó wá yíjú sí mi lórí máṣíìnì: "Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá yín kí wọ́n gé owó ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀." Ọ̀gá mi sì gé e wálẹ̀! Lójú mi báyìí! Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Bí abẹ́rẹ́ ò bá tiẹ̀ sí lẹ́nu mi, mi ò mọ̀ bóyá màá sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Tíṣà kan fẹ́ kọ́tìnì sí pálọ̀ ẹ̀. Mo jáde lọ ra òwú, kí n tó dé, Ọkọ Kékeré ti ní kó wá gbà á ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Aṣọ ẹ̀ ò tíì sí nílẹ̀! Ara mi gbóná. Mo gbé ohùn mi sílẹ̀, mo fi oyin sí i: "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o, ṣé ẹ lè máa bi mí kí ẹ tó fún wọn lọ́jọ́?" Ó ní kò burú. Ojú ẹ̀ wú. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń ká òwú títí a fi ti ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí Màmá pè mí lórí fóònù. Màmá tí kì í pe èèyàn. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyàwó mi. Mo gbọ́ pé iṣẹ́ ti wọ̀ yín lọ́rùn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, a dúpẹ́. Ó ti débẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fi oyin sí ti dé ilé kí n tó délé.

Mo rojọ́ fún Ó-Máa-Dáa. Ó ní ó máa dáa.

Ó tó. Mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́. Bó bá ṣe é, màá ní ẹ ṣé. Bó bá bà á jẹ́, màá rọra tú u, màá tún un rán. Mo ti ń ṣe é náà tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́tí aṣọ tó bá bá mi rán, bó bá ti jáde báyìí, mo ti tú u.

Ọjọ́ Ajé, 16

Iṣẹ́ dé! Olórí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó wà lókè àdúgbò wọlé fúnra ẹ̀. Obìnrin tó ga, tó ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ jẹ ẹ́ ní gbèsè. Gbogbo fèrèsé yàrá àwọn aláìsàn obìnrin ló fẹ́ kí a ṣe. Bó bá wù ú, ó ní ti àwọn ọkùnrin, ti àwọn ọmọdé, tiwa náà ni. Ọjọ́bọ̀ la máa wá wọ̀n ọ́n, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń sún ibùsùn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọjọ́ Ajé ká wá so ó.

Bí èyí bá bọ́ sí i, ṣọ́ọ̀bù dúró nìyẹn. Bí kò bá bọ́ sí i, máṣíìnì mi ń dúró dè mí lọ́dọ̀ Abẹ́rẹ́-Lẹ́nu.

Ọkọ Kékeré jó yí tábìlì ká. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ẹsẹ̀ ń ro mí.

Ọjọ́bọ̀, 19

Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Tíṣà. Ọjọ́ ilé ìwòsàn. Ọjọ́ kan náà, mi ò sì rí i títí ó fi dé iwájú mi. Tíṣà ti jókòó sórí àga láti òwúrọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, wọ́n ti ṣèlérí fún un. Mi ò lè dìde lórí máṣíìnì. Ọkọ Kékeré ní, "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí n lọ wọ̀n ọ́n." Ó mú téèpù mi, ó lọ.

Ó dé, ó fún mi ní bébà tó kọ ọ́ sí. Mo wò ó. Ó kéré. Mo ti rí àwọn fèrèsé yẹn láti títì, wọ́n ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní, "Ọkọ mi, ṣé láti orí irin kọ́tìnì lókè ni ẹ ti wọ̀n ọ́n wálẹ̀?" Ó ní, "Mo ti wọn gbogbo ẹ̀, ìyàwó wa." Mo rí i tí ojú ẹ̀ tún fẹ́ wú. Mo rántí fóònù Màmá.

Mo ní, "Ẹ ṣé, ọkọ mi."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21

Mo gé e. Aṣọ aláwọ̀ ewé, ó tutù lọ́wọ́, ó dáa. Bí mo ṣe ń tẹ́ ẹ sórí tábìlì ni ọwọ́ mi ń sọ fún mi pé kò tó. Ilé ìwòsàn náà ò jìnnà. Mo lè dìde, kí n rìn dé ibẹ̀, kí n fi ojú ara mi rí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú téèpù báyìí, òun náà á rí mi, á mọ̀ pé mi ò gbà á gbọ́. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń ká òwú, ó ń kọrin.

Mo gé e.

Ọjọ́ Ajé, 23

Ó kúrú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24

Mi ò lè kọ ọ́ lánàá.

Gíláàsì nìkan ló wọ̀n. Láti ibi tí gíláàsì ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí. Irin sì wà lókè pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. A so ti àkọ́kọ́, ó dúró sókè bíi ṣòkòtò ọmọ tó ti ga jù ú lọ. Mo rò pé mo kàn so ó sókè jù ni. A so èkejì. Bákan náà. Lábẹ́ ẹ̀, gíláàsì wà ní gbangba, ẹni tó ń kọjá lóde ń wo ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń tún ara ẹ̀ ṣe lórí ibùsùn. Ìyá yẹn fi ọwọ́ fa aṣọ bo àyà. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Olórí nọ́ọ̀sì ò pariwo. Ó bi mí ta ló wọ̀n ọ́n. Mo ní èmi ni. Ọkọ Kékeré wà lẹ́nu ọ̀nà, ó di àkàbà mú. Obìnrin náà ní òun fún mi di Ọjọ́ Ajé. Bí kò bá rí bó ṣe yẹ, òun mọ ẹnì kan tó ń rán kọ́tìnì, tó máa ń fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu. Hàà.

A rìn padà. Èmi níwájú, òun lẹ́yìn. Nílé, mo sọ ọ́ fún Ó-Máa-Dáa. Kò ní ó máa dáa. Ìgbà yẹn gan-an lẹ̀rù tó wá bà mí.

Ọjọ́rú, 25

Ọkọ Kékeré ò wá. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo gba ọ̀dọ̀ Abẹ́rẹ́-Lẹ́nu lọ. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ lọ sọ. Máṣíìnì mi wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó fi aṣọ bò ó. Ó fún mi lómi, ó wo ojú mi, ó ní, "Ta ló wọ̀n ọ́n?" Òkìkí ti kàn. Mo ní ọkọ mi kékeré ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti kó abẹ́rẹ́ jáde lẹ́nu, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ tí mo máa rí.

Ó ní, "Èmi bú ẹ títí o fi mọṣẹ́. Ìwọ ń kí tìẹ pé ẹ kú iṣẹ́ títí ó fi ba iṣẹ́ jẹ́."

Mo bínú kúrò níbẹ̀. Inú ń bí mi títí di báyìí. Torí òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́bọ̀, 26

Ó wá. Ojú ẹ̀ ti wú, ó hàn pé ó ti sunkún. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ láti òwúrọ̀, mo ti dán an wò dáadáa: Ọkọ mi, ẹ ti ṣe wàhálà púpọ̀ fún mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sinmi díẹ̀ nílé. Kí n rọra dá a dúró láìsọ pé mo dá a dúró. Mi ò tíì dé ìdajì tó fi já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ó ní, "Ẹ rí i nínú bébà yẹn, àbí ẹ ò rí i?"

Mo ní mo rí i.

"Ẹ wá ní ẹ ṣé!"

Ẹkún bọ́, ṣùgbọ́n ẹkún ìbínú ni. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé, mi ò kọ́ òun ní nǹkan kan. Pé bí òun bá rán nǹkan, màá ní ẹ ṣé, bí òun bá ti yí ẹ̀yìn, màá tú u. Òun ti rí mi. Òun rí mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òun wá ń ronú pé bóyá mi ò fẹ́ kí òun mọ̀ ọ́n, torí èèyàn ọkọ mi ni òun. "Ká ní ọmọ tí ẹ gbà síṣẹ́ ni mí, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe mí?"

Rárá. Màá ti bú u, ó sì ti máa mọ̀ ọ́n.

Mo ní, ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ̀rọ̀ ńkọ́, ṣebí ó dé etí Màmá? Ó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Ó ní Màmá bi òun ìdí tó fi rẹ òun, òun sì ní iṣẹ́ pọ̀ ni. Inú Màmá dùn pé iṣẹ́ pọ̀, ló fi pè mí, kó kí mi.

Kó kí mi! Mo gé odindi aṣọ nítorí ìyá tó pè láti kí mi.

Ilẹ̀kùn dún kíí, ẹnì kan yọjú, ó rí ojú wa, ó padà.

Ó wá ní, "Ẹ máa pè mí lórúkọ." Mo ní ẹnu mi ò gbà á, kí ni wọ́n máa wí nílé? Ó ní, "Níbí nìkan. Bí a bá délé, ẹ máa pè mí ní ọkọ yín. Níbí, iṣẹ́ ni mo wá ṣe."

Mo lọ lọ aṣọ tí kò tiẹ̀ rún. Mo lọ̀ ọ́ títí. Àwọn kọ́tìnì yẹn wà nílẹ̀ lókìtì, ìṣẹ́tí wọn kọjú sí mi. Lẹ́yìn náà mo pè é. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ohùn mi kéré débi pé mo rò pé kò gbọ́.

Ó ní, "Mà?"

Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Mo ní, "Tú u. Gbogbo ẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, 27

A jọ lọ tún un wọ̀n. Mo dúró nísàlẹ̀, òun gun àkàbà, mo ní kó ka nọ́ńbà síta. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi gíláàsì. Mo lọgun. Nọ́ọ̀sì kan ní kí n má jí aláìsàn. Láti orí irin! Kó kọjá ojú fèrèsé nísàlẹ̀! Fi ti ìṣẹ́tí kún un! Ó ní, "Ó ti yé mi, mà, ẹ má pa mí."

Aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn ò sí lọ́jà mọ́. A máa fi funfun kún ìsàlẹ̀ ẹ̀, kó fẹ̀ dáadáa, kó dà bíi pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo bú u lónìí ju bí mo ti bú ẹnikẹ́ni lọ. Ó rán ti àkọ́kọ́ wíwọ́. Ó tú u. Ó rán ti ìkejì wíwọ́ díẹ̀. Ó tú u. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó rán ọ̀kan tí mo yẹ̀ wò lójú méjèèjì, mi ò rí ohun tí màá sọ. Inú bí mi díẹ̀ pàápàá.

Ọjọ́ Àìkú, 29

Ilé ni mo wà. Mo pè é ní ọkọ mi, mo gbé oúnjẹ fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣẹ́jú sí mi. Ó-Máa-Dáa bi wá ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Kò sí o.

Ọjọ́ Ajé, 30

A so ó. Olórí nọ́ọ̀sì rìn láti fèrèsé kan dé ìkejì, ó ń fa ìsàlẹ̀ wọn. Ó jáde síta, ó wo inú láti títì, ó wọlé. Ó ní funfun yẹn á tètè dọ̀tí. Ó ní ó dáa. Ti àwọn ọkùnrin ńkọ́? "Ẹ jẹ́ ká wo èyí ná." Kò jẹ́ kí n ní i tán, kò sì gbà á lọ́wọ́ mi tán. Ìyá arúgbó tó wà lórí ibùsùn ní kí n bá òun fà á dé. Mo fà á dé.

Onílé gbà kí n dúró, kí n máa san owó ilé díẹ̀díẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí Abẹ́rẹ́-Lẹ́nu pé kó gbé máṣíìnì yẹn fún ẹlòmíì. Ó ti rẹ̀ mí dé eegun. Mi ò ní padà, ìyẹn ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Oṣù Kẹrin

Màmá wá sí ṣọ́ọ̀bù.

A ò gbọ́ ilẹ̀kùn, máṣíìnì ń dún. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la orúkọ ọmọ ẹ̀ mọ́lẹ̀, tòun ti "kí ló ń ṣe ọ́, ṣé o fọ́jú ni?" Mo gbójú sókè, Màmá wà níwájú mi pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó mọ̀. Ọmọ náà ní, "Màmá, èmi ni mo ní kí wọ́n máa pè mí. Mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn."

Màmá jókòó sórí àga oníbàárà. Ó wò mí, ó wò ó. Ó gbé báàgì sórí ẹsẹ̀. Mo ti mọ ohun tó ń bọ̀, mo ti ń to ẹ̀bẹ̀ mi.

Ó ní, "Ṣé a ti lè máa sọ òótọ́ fúnra wa nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.

Ó ní, "Kọ́tìnì mi ò pàdé láàárín."

Mi ò gbọ́ ọ yé. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti so ó ni. Bí òun bá fà á, àlàfo á kù láàárín, gbogbo àdúgbò á máa wo òun. Ló fi ń dì í sí ẹ̀gbẹ́, tó bá di alẹ́ á fi ìró bo àlàfo náà. Òun ò lè sọ, torí ọ̀fẹ́ ni, àti kí wọ́n má baà ní ìyá ọkọ ti ń dá ìyàwó lẹ́jọ́. Ó ní òun ti ń gbàdúrà kí ó ya.

Ọmọ ẹ̀ ti mú téèpù. Kò bi mí. Ó bá ìyá ẹ̀ lọ.

Ó dé pẹ̀lú kọ́tìnì méjèèjì lápá. Ó ti wọn irin, láti etí dé etí, ó ti kọ ọ́. Ó tẹ́ iṣẹ́ mi sórí tábìlì, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ìṣẹ́tí náà wọ́. Ó wò mí. Mo rò pé á ní ẹ ṣé.

Ó fi bíléèdì sí mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ tú u."

Mo ń tú u.